Àkàyé àti Ọ̀rọ̀ Ìlú ní Makepe

Ní Douala, bí ìjọba bá pinnu láti wó ilé kan, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń kọ ìdájọ́ náà sára ògiri: À DÉTRUIRE, wíwó ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń lọ sílé-ìwé déédéé lè ka ọ̀rọ̀ méjèèjì láìkọsẹ̀. Ẹ wá bi í léèrè pé: ta ló kọ ọ́? Àṣẹ wo ló gùn lé? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún onílé? Ọ́fíìsì wo ni bàbá rẹ̀ lè gbà lọ kí katakata tó dé? Ẹnu ọmọ á wọhò, ti bàbá náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọhò.

Apá àríwá ìlú ni Makepe wà, lábẹ́ kánsù Douala Karùn-ún, òun àti Bonamoussadi, Kotto àti Logpom. Ẹni tó bá gba oríta Petit Pays kọjá, oríta tí wọ́n fi orúkọ olórin pè, á rí ilé alájà, ilé ìtajà oògùn, àti ilé-ìwé aládàáni tó kọ ọ́ sí géètì pé èdè méjì lòun fi ń kọ́ ọmọ. Á rí àwọn ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní bendskin níbẹ̀, tí wọ́n tò rẹrẹẹrẹ. Makepe kan nìyẹn. Èkejì, Makepe Missoké, wà nísàlẹ̀, nínú àbàtà tí omi Tongo'a Bassa ń gbà kọjá. Omíyalé ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2015, ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2020. Nígbà tí omi bá ti fà tán, ìbéèrè tó máa ń kù nílẹ̀, ti ọ̀rọ̀ ìlú ni. Ta ló yẹ kó la ojú gọ́tà? Ta ló gba ènìyàn láyè láti kọ́lé sójú omi?

Ìdáhùn rẹ̀ wà. Láti ìgbà tí òfin oṣù Kejìlá 2019 lórí ìjọba agbègbè ti jáde, méyọ̀ tí wọ́n dìbò yàn ló ń ṣe olórí gbogbo ìlú Douala. Ẹni tí Ààrẹ fọwọ́ ara rẹ̀ yàn ló wà nípò yẹn tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2020 ni Roger Mbassa Ndine di ẹni àkọ́kọ́ tó gba ipò tuntun náà. Lábẹ́ ìlú ńlá yìí, kánsù mẹ́fà ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú méyọ̀ tirẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni sous-préfet wà, ẹni tí Yaoundé rán wá, tí aráàlú kankan kò dìbò fún. Nísàlẹ̀ pátápátá ni baálẹ̀ àdúgbò, tí ipò rẹ̀ dúró lórí àṣẹ ọdún 1977 nípa àwọn olóyè. Ìdọ̀tí tó ń dí gọ́tà, ilé-iṣẹ́ HYSACAM ni wọ́n gbéṣẹ́ kíkó rẹ̀ fún. Gbogbo àlàyé yìí kò kún ojú ewé kan. Ọmọ CM2, tó ń múra láti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lè kà á, lè yà á bí àwòrán, lè bi tíṣà rẹ̀ ní ìbéèrè tí tíṣà kò ní rí èsì fún lójú ẹsẹ̀. Irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n nínú ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ, ní Makepe àti ní Ìbàdàn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi àròkọ yìí sọ. Ẹ̀kọ́ ìwé kíkà àti ẹ̀kọ́ ojúṣe ọmọ ìlú ti pínyà lọ́wọ́ wa, ìpínyà náà ló sì ń jẹ àwọn méjèèjì run. A kó àkàyé lọ sọ́dọ̀ ìtàn ìjàpá àti ìtàn àròsọ. A kó ọ̀rọ̀ ìlú lọ sọ́dọ̀ àkọ́sórí. Ọmọ wá ń ka ohun tí kò béèrè òótọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń kọ́ òótọ́ sórí láìkà á.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n ṣọ́ra. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìrẹ̀yìn tètè máa ń bọ́ sínú ọ̀fìn pé gbogbo nǹkan dára láyé àtijọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ayé àtijọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ kò dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé rárá, pàápàá àwọn ọmọbìnrin. Ètò tó ń jẹ́ PASEC, tó ń dán àwọn ọmọ wò ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní Áfíríkà, Kamẹrúùn sì wà lára wọn, rí i ní 2014 pé 57.3 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá kò dé ìwọ̀n tó yẹ nínú ìwé kíkà. Ní 2019, ní orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá, iye náà jẹ́ 52.1. Iye yẹn burú, ṣùgbọ́n kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi í jẹ́rìí pé ohun gbogbo ń wọ́lẹ̀. Ìrẹ̀yìn tí mo ń sọ wà níbòmíràn: nínú ohun tí a rò pé ọmọ lè fi ìwé kíkà ṣe.

Douala fúnra rẹ̀ ló ni àpẹẹrẹ tó ga jù tí mo mọ̀ nípa àkàyé ọ̀rọ̀ ìlú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1884, Ọba Bell àti Ọba Akwa fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì. Wọ́n gbé àṣẹ lórí ilẹ̀ wọn fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn àìgbọdọ̀máṣe kan sí i. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí àwọn Duala ń dáko sí àti ibi tí ìlú wọn dúró sí yóò jẹ́ tiwọn àti ti àwọn ọmọ wọn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní 1910, àwọn Jámánì gbé ètò kan jáde láti kó àwọn Duala kúrò létí odò lọ sẹ́yìn ìlú, kí wọ́n sì fi àlàfo kìlómítà kan sáàárín àwọn aláwọ̀ funfun àti àwọn ọmọ onílẹ̀. Ẹni tó jọba nígbà náà ni Rudolf Duala Manga Bell, ọmọ-ọmọ Ọba Bell tó fọwọ́ sí ìwé. Ó ti lọ sílé-ìwé ní Aalen, ní Jámánì, ó sì gbọ́ èdè wọn dáadáa.

Ẹ kíyè sí ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó mú ìwé àdéhùn. Ó wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dè àti ẹni tí kò dè. Ó gbé àṣẹ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlérí àtijọ́, ó sì rí i pé àwọn méjèèjì kò lè wà pọ̀. Ó wá jókòó, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì ní Berlin, ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn mú wọn. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní 1913. Akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din, kọjá sí Jámánì láti wá lọ́yà. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan àwọn méjèèjì, wọ́n sì yẹgi fún wọn ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 1914, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọba ni, ọmọ olówó ni, kò sì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílùú rẹ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà n kò ní sọ pé àwọn ará Douala 1913 mọ̀wé ju àwọn ará Douala òde òní lọ. Ohun tí mò ń wò ni ohun tí ilé-ìwé ti sọ Manga Bell dà. Ọmọ Makepe mọ orúkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé akọni ni, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n pa á. Berlin pàápàá ti fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede kan láti oṣù Kejìlá 2022. Ṣùgbọ́n gbólóhùn inú àdéhùn tí ó tìtorí rẹ̀ kú, gbólóhùn kan péré tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè lóye, kì í sábà dé iwájú ọmọ. A fi ikú rẹ̀ kọ́ ọmọ, a sì fi ìwé tó kà pamọ́. Ẹ sì rántí Makepe Missoké àti ọ̀dà pupa: ìbéèrè pé ta ló ni ilẹ̀ tí ìlú dúró sí, àti ìwé wo ló sọ bẹ́ẹ̀, kò tíì kúrò nílẹ̀ ní Douala.

Báwo la ṣe débí? Mo rò pé ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà ló kọ́ wa ní ìwé. Alfred Saker parí títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Duala ní 1872. Ìwé wọlé, katikísìmù wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Nínú katikísìmù, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn kan, ìdáhùn náà sì ti wà kí ọmọ tó la ẹnu. Fún ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, ó ṣeé ṣe kó bójú mu. N kò fẹ́ bá àwọn baba ìjọ jà. Àmọ́ nígbà tí ìjọba gba ilé-ìwé, irú ìdáhùn yẹn kan náà ni wọ́n bọ̀ sí ẹ̀kọ́ ìlú lọ́rùn. Kí ni ọmọ ìlú? Dárúkọ ojúṣe mẹ́rin ọmọ ìlú. Kí ni àwọ̀ àsíá wa dúró fún? Ọmọ á kọ ọ́, á gba máàkì rẹ̀ pé, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ bóyá ó yé e. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Jámánì, wọ́n lé èdè ìbílẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ní àwọn ọdún 1920, àkọ́sórí wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ẹni tí kò gbọ́ èdè kò ní ohun mìíràn tó lè ṣe ju kó há ọ̀rọ̀ sórí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà mìíràn wà nígbà kan, kò sì yẹ ká gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859, Henry Townsend gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta. Míṣọ́nnárì kan náà tó ń kọ́ni ní katikísìmù ló rí i pé bí àwọn Ẹ̀gbá yóò bá sọ ìwé kíkà dàṣà, ó yẹ kí wọ́n rí ohun gidi kà: ìròyìn ogun, iye owó òwú, àwọn tó wọlé sílùú àti àwọn tó jáde. Títí di 1867, tí Ifọ́lé, ìdàrúdàpọ̀ tí wọ́n fi lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò nílùú, gbá ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ìlú ni ìwé kíkà. Lẹ́yìn náà ni Akéde Èkó ti I. B. Thomas dé, Ìròyìn Yorùbá tẹ̀lé e, Gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀ ní 1970, Aláròyé sì dé ní 1996. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò kọjá ìwé mẹ́fà ló ti inú irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí gómìnà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. J. F. Ọdúnjọ, tó kọ Aláwìíyé, ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn láyé ìjọba Awólọ́wọ̀. Ẹni tó kọ ìwé fún àwọn ọmọdé mọ bí ìwé ìjọba ṣe rí nínú. Bí ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe so iṣẹ́ méjèèjì yẹn pọ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́.

Ètò Ilé-ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ló tún sún mọ́ ohun tí mò ń wá. Ní 1970, lábẹ́ Babátúndé Fáfúnwá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà. Gẹ̀ẹ́sì dúró bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n ló sì ń kọ́ wọn. Nítorí kò sí ìwé, àwọn olùdarí ètò náà ni wọ́n kọ ìwé fúnra wọn, àwọn àyọkà tó ń ṣàlàyé ayé bó ṣe rí ní èdè tí ọmọ ń sọ nílé. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tayọ nínú àwọn iṣẹ́ tó kù. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ètò náà parí kí àwọn ọdún 1970 tó tán, ìwé rẹ̀ sì di ohun ilé ìkàwé yunifásítì. Ní 2022, ìjọba Nàìjíríà gba ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ní Kamẹrúùn, irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ wáyé lágbègbè Boyo láti 2007, níbi tí wọ́n ti fi èdè Kom kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ lọ. Agbègbè yẹn wà lára ibi tí ogun ti ba ilé-ìwé jẹ́ lẹ́yìn 2016. Ẹ̀rí ti wà ńlẹ̀ fún ọgbọ́n tí a ń wá. Ibi tí ẹ̀rí náà yóò gbé ni kò sí.

Àwọn onímọ̀ ìwé kíkà ti ṣe iṣẹ́ tó ràn wá lọ́wọ́ lórí ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le. Ní 1988, Donna Recht àti Lauren Leslie mú ọmọ ilé-ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí wọ́n ka àyọkà nípa eré béésìbọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé kà dáadáa ṣùgbọ́n tó mọ eré náà lóye àyọkà ju àwọn ọ̀jáfáfá tí kò mọ eré náà lọ. Kò yẹ kó ya ará Douala lẹ́nu. Ẹ fún ọmọ Makepe tí kò mọ̀wé ní àyọkà nípa ìdíje tí wọ́n gbá ní pápá Japoma ní oṣù Kìíní 2022. Á ṣàlàyé fún yín ìdí tí góòlù kan kò fi wọlé sí iye. Ìmọ̀ ló ń gbé àkàyé ró. Ọmọ tí kò mọ ohunkóhun nípa bí owó orí ṣe ń dé ọwọ́ kánsù kò lè lóye àyọkà nípa owó orí, bó ti wù kó ka lẹ́tà rẹ̀ geere tó. Ní ọdún 2000, Nell Duke lọ jókòó sí àwọn kíláàsì kìíní ní Boston, ó fi aago ka ìgbà tí àwọn ọmọ fi ń bá àwọn ìwé tó ń ṣàlàyé nǹkan gidi lò. Ìṣẹ́jú 3.6 lójúmọ́ ló rí. Ilé-ìwé Amẹ́ríkà ló ń sọ, níbi tí ìwé pọ̀ bí iyanrìn.

Ní Amẹ́ríkà yẹn kan náà, ìdánwò NAEP lórí ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú fún kíláàsì kẹjọ lọ sílẹ̀ ní 2022, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é ní 1998. Ọmọ 22 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló dé ìwọ̀n ìmọ̀ tó péye. Kófíìdì kó ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò ìwé kíkà lọ sílẹ̀ lọ́dún kan náà, n kò sì rò pé àwọn méjèèjì ṣèèṣì rìn pọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi hàn ohun tí mo ní lọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ lásán rọrùn láti sọ. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní Kamẹrúùn ń yíde. Ọjọ́ Ọ̀dọ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á wọ aṣọ, wọ́n á gbé àsíá, àwọn àgbà á jókòó lábẹ́ àgọ́. Ìdí tí ọjọ́ yẹn fi jẹ́ ọjọ́ pàtàkì, ẹ bi àwọn ọmọ náà. Tí mo bá jẹ́ tíṣà CM2, tàbí ti Class Six ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, màá kọ àyọkà yìí sára pátákó:

"Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì 1961, wọ́n dìbò ní apá Kamẹrúùn tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun méjì ni wọ́n fi síwájú aráàlú: kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà, tàbí kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ Kamẹrúùn tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Ní gúúsù, ènìyàn 233,571 yan Kamẹrúùn, 97,741 yan Nàìjíríà. Ní àríwá, 146,296 yan Nàìjíríà, 97,659 yan Kamẹrúùn. Wọ́n ka ìbò apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀."

Gbólóhùn márùn-ún. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lè jẹ́ ti ojúkorojú: ènìyàn mélòó ló yan Nàìjíríà ní gúúsù? Gbogbo kíláàsì á nawọ́ sókè. Ìkejì gba ìrònú díẹ̀: ta ni kò rí ohun tó fẹ́ lára àwọn ohun méjì tí wọ́n gbé kalẹ̀? Ọmọ tó bá ronú á sọ pé ẹni tó fẹ́ dá dúró ni, bẹ́ẹ̀ kò sí ibì kankan tí àyọkà ti dárúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù: bí wọ́n bá ka ìbò apá méjèèjì pọ̀, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ìwé ìṣirò. 331,230 fún Kamẹrúùn, 244,037 fún Nàìjíríà. Gbogbo ilẹ̀ náà, títí kan àwọn ìlú tó wà ní Nàìjíríà lónìí, ì bá bọ́ sọ́wọ́ Yaoundé. Gbólóhùn tó kẹ́yìn, tó dà bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan, òun ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà dání. Ọmọ tó bá rí èyí kò tún ní fojú fo gbólóhùn kékeré mọ́ nínú ìwé ìjọba. Tíṣà lè wá fi kún un pé ìjọba Kamẹrúùn gbé ọ̀rọ̀ àríwá náà lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague, tí ilé ẹjọ́ sì dá a lóhùn ní 1963 pé kò sí ohun tí ìdájọ́ òun lè yí padà mọ́.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ á sọ. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ yìí gbóná. Òótọ́ ni. Láti ìparí 2016 tí àwọn lọ́yà àti olùkọ́ ti da iṣẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ẹkùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀rọ̀ sì di ogun, ọ̀rọ̀ 1961 ti di ohun tí ènìyàn ń wo ẹ̀yìn kó tó sọ. Ní oṣù Kọkànlá 2019, UNICEF sọ pé ọmọ tó lé ní 855,000 ni kò lè lọ sílé-ìwé ní ẹkùn méjèèjì náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé sá wá sí Douala, àwọn mìíràn sì wọ Bonamoussadi àti Makepe, níbi tí ilé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì wà. Ọmọ tó jókòó sí kíláàsì níbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ tó sá kúrò ní Kumba, ní ọ̀kan nínú ẹkùn méjèèjì náà. Olùkọ́ tó bá gbé àyọkà òkè yìí síwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Àmọ́ ọmọ yẹn ti mọ ogun. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bí a bá sì fi í pamọ́ fún un ní kíláàsì, ẹlòmíràn á sọ ọ́ fún un lórí WhatsApp, láìsí iye ìbò kankan nínú rẹ̀.

Ìbẹ̀rù náà ní gbòǹgbò mìíràn. Ọ̀rọ̀ ìlú ń pa olùkọ́ fúnra rẹ̀ lára. Ní oṣù Kejì 2022, àwọn olùkọ́ ilé-ìwé girama ní Kamẹrúùn da ẹfun sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ tí wọ́n pè ní "On a trop supporté", nítorí owó oṣù àti owó àjẹmọ́nú tí wọn kò rí gbà fún ọdún gbọọrọ. Àwọn tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ ìṣòro yẹn, ti ilé-ìwé aládàáni sì tún burú ju tiwọn lọ. Ẹni tí ìjọba jẹ lówó, tí ìjọba kan náà ní kó máa kọ́ ọmọ pé ìjọba ni baba gbogbo wa, àkọ́sórí ni yóò sá lọ bá. Ó ń dáàbò bo ara rẹ̀. N kò lè bá a wí púpọ̀.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ èdè. Makepe kò ní èdè kan. Bassa, Bamiléké, Duala, Ewondo, Gẹ̀ẹ́sì àmúlùmálà, àti Faransé ìgboro tí àwọn ọ̀dọ́ ń po pọ̀ mọ́ gbogbo ìwọ̀nyí: ọmọ kan lè gbọ́ mẹ́rin kó tó dé ẹnu géètì. Ètò irú ti Ifẹ̀ kò lè rìn níbẹ̀ bó ṣe rìn ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí olùkọ́ àti ọmọ ti ń sọ Yorùbá kan náà. Ṣùgbọ́n àyọkà kúkúrú, tí a kọ ní Faransé tó mọ́ tàbí Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́, nípa gọ́tà tí ọmọ ń fò kọjá lójoojúmọ́, yàtọ̀ pátápátá sí àyọkà nípa ìjọba tiwa-n-tiwa ní ọ̀run. Nínú àkọ́kọ́, nǹkan tí ọ̀rọ̀ ń sọ wà lójú ọmọ. Èdè nìkan ló kù kó lé bá. Fún ìdí yìí, mo fi ìwé ìkìlọ̀ kánsù, ìkéde ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná, àti ìwé owó omi Camwater ṣáájú gbogbo ìwé olówó ńlá tí wọ́n ń tà fún òbí ní oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ìwé wọ̀nyẹn wọ ilé ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló kọ ọ́? Kí ló fẹ́ ká ṣe? Bí a kò bá ṣe é ńkọ́? Kí ni kò sọ? Ìbéèrè mẹ́rin yìí tó gba ọdún kan.

Ìdánwò ni yóò kọ́kọ́ ṣe àtakò. Bí CEP àti First School Leaving, ìdánwò àṣeparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bá ṣì ń béèrè kí ọmọ dárúkọ ojúṣe mẹ́rin ọmọ ìlú, ojúṣe mẹ́rin ni tíṣà yóò kọ́, òbí tó sanwó á sì dúró tì í lẹ́yìn. Kí àwọn tó ń kọ ìbéèrè ìdánwò tó yí padà, àkókò kan wà tí ilé-ìwé lè lò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ọjọ́ 11 oṣù Kejì tó dé, àti kí ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ àjọ̀dún orílẹ̀-èdè, tó dé, wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ jáde kúrò ní kíláàsì láti lọ fi ẹsẹ̀ kọ́ ìyíde nínú oòrùn. Wákàtí yẹn ni màá kọ́kọ́ bù sí méjì. Kí wọ́n yíde, nítorí àwọn òbí ti ra aṣọ, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ìdajì tó kù, kí wọ́n jókòó ti àwọn iye ìbò 1961 náà. Olùkọ́ á sọ fún mi pé ọgọ́rin ọmọ ló wà níwájú òun, ìwé kò sì tó mẹ́wàá. Pátákó kan ṣoṣo ni gbólóhùn márùn-ún nílò.